Bátìrì Mẹ́sàn-án, Òjò Kan

Ìkòkò karùn-ún ni Àyọ̀ká dì mú yìí, oòrùn kò sì tíì ga ju orí ògiri lọ. Ó fi eegun ìka kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ ju kò, kò, kò, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Odi ni," ó gbé e sókè, ó là á mọ́ òkúta tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Odi ni wọ́n ń pe ìkòkò tí kò bá dáhùn, odi kì í sì í kọjá ẹnu ọ̀nà ẹbu Òkè-Amọ̀, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ọ lójú gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi í léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn, nígbà tí ìkòkò ṣì jẹ́ ti ọbẹ̀ àti ti omi tútù lásán. Nígbà tí omi ẹ̀rọ wá kú ní gbogbo àgbègbè náà, tí ìlú ń mu omi láti inú ìkòkò asẹ́ nìkan, àṣà yìí tún le sí i. Amọ̀ ni ìkòkò asẹ́, wọ́n pò ó mọ́ èèpo ìrẹsì. Iná á jó èèpo yẹn dànù, á fi ihò tí ojú kò lè rí sílẹ̀, omi á gba ibẹ̀ jò, ẹ̀gbin á dúró sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ìkòkò náà bá sán, ìbáà ṣe sísán tó tín-ín-rín bí irun orí, ẹ̀gbin á bá omi kọjá. Lọ́dún tí odi kan yọ́ jáde nínú ẹbu, ilé kan ní Ìsàlẹ̀-Odò sin ọmọ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin yìí na ọwọ́ sí ìkòkò kẹfà, àwọn obìnrin mẹ́jọ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dorí kodò. Ọ̀kan ń po amọ̀ tí kò béèrè pípò. Ọ̀kan ń wo èékánná rẹ̀ bí ẹni tí ń kàwé. Àyọ̀ká kan ìkòkò, ó tẹ́tí, ó gbé e sókè.

Ọwọ́ kan di ọwọ́ rẹ̀ mú lókè níbẹ̀.

Ràbí ni. Ọdún méje ni èèyàn fi ń kọ́ gbígbọ́ ìkòkò, Ràbí ti lo mẹ́fà, kò sì bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn rí ní gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìṣasùn ọbẹ̀.

"Ìyá, ìkòkò yìí dáhùn."

Ìyá Gàníyátù, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí kò bá sùn, rọra gbé ọ̀pá amọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Àyọ̀ká bi í pé, "Àwọn márùn-ún tó ṣáájú ńkọ́?"

"Wọ́n dáhùn, Ìyá. Gbogbo wọn ló dáhùn."

"O gbọ́ wọn, o sì jókòó síbẹ̀ ò ń wò mí bí mo ṣe ń fọ́ wọn?"

"Àṣà ni, Ìyá."

Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àpáàdì kan nílẹ̀, ó yí i sí oòrùn. Ojú ibi tó ti kán mọ́ tónítóní, pupa kan náà láti ẹ̀yìn dé inú, kò sí ipa sísán kankan níbẹ̀. Ó mú òmíràn, bákan náà ni. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin èèyàn mẹ́jọ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ là mọ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń wò ó nítorí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Kò bínú sí Ràbí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí rẹ̀, síbi tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tuntun wà, funfun báláú bí ehín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló tíì lò ó. Ti àtijọ́, tó ti fi gbọ́ràn fún ọdún mọ́kànlá, bátìrì ló ń jẹ, bátìrì tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, tí wọ́n ń pààrọ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìka Àyọ̀ká, tí amọ̀ àti òtútù ti lọ́ bí ata ilẹ̀, kò lè dì í mú mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń bá a fi í sí i. Ti tuntun kò béèrè ìka. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èèyàn á kó o sínú àpótí rẹ̀ bí ẹni kó òròmọdìẹ sínú àgò, iná kékeré kan á tàn níbẹ̀, á máa ṣáájì fún wákàtí mẹ́rin, ó parí.

Ohun tó sì gbọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn! Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí iyanrìn. Ó gbọ́ bí ìrẹsì ṣe ń hó kí omi orí rẹ̀ tó gbẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọkọ rẹ̀, Ìyàndá, tí ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn àyà ti mú un, yọjú lẹ́nu ọ̀nà ó ní, "Omi ti gbóná." Àyọ̀ká jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó sunkún. Ọdún mọ́kànlá ni bàbá náà ti ń fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, tí ń fi ariwo pè é láti ẹ̀yìn. Ó ti gbàgbé pé ọkọ òun ní ohùn kan tí kì í ṣe ariwo.

Òní ni ọjọ́ mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì fún un láti fi dán an wò pé.

Oòrùn kan àtàrí kí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ tó gbé Nọ́ọ̀sì Àdùbí dé. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sún sábẹ́ igi dóńgóyárò, ó dúró dè é bí ajá tó mọ olúwa rẹ̀. Ọmọ Òkè-Amọ̀ ni Àdùbí, omi ìkòkò asẹ́ ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lọ́mọ jòjòló. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo ìyá, kí àpótí ìjọba tí ń sọ̀rọ̀, èyí tó so mọ́ àyà, tó kí wọn tẹ̀lé e, nínú Yorùbá tó dán bí ọ̀rọ̀ akéde: "Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ìyá wa. Iṣẹ́ á máa gbè yín."

Ìyá Gàníyátù ní, "Àpótí yìí mọ ìkíni ju ọkọ ọmọ mi lọ."

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí àpótí náà wá ṣe. Òfin Bátìrì, tó ka bátìrì àlòsọnù léèwọ̀, ti gba ti tọ́ọ̀ṣì, ó ti gba ti rédíò, bátìrì etí nìkan ló fún ní ọdún mẹ́ta àforíjì, àforíjì náà yóò sì tán nírọ̀lẹ́ òní. Ilé tí wọ́n bá ti rí èyí tí a ń lò sọnù lẹ́yìn òní, wọn á gé oòrùn rẹ̀: àwọn pátákó orí òrùlé tí ń gba oòrùn á padé, iná, ẹ̀rọ tí ń fa omi, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Òfin náà kì í ṣe òfin òpònú. Àyọ̀ká wà níbẹ̀ lọ́dún tí gbogbo ẹja odò Ọ̀gìdì fi ikùn lékè, nítorí ogójì ọdún bátìrì tí wọ́n ti dà sórísun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka òfin náà lójúde, òun náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ipá fi ẹ̀rọ tuntun sí aráàlú létí. Ìbéèrè méje ni àpótí gbọ́dọ̀ bi í, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn sì ni pé, ṣé ó yẹ yín? Láti ìgbà tí Àdùbí ti ń gbé àpótí náà kiri àgbègbè, kò tíì rí ẹni tó ní kò yẹ òun.

Àyọ̀ká kò jẹ́ kí àpótí bẹ̀rẹ̀. Ó fa nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lọ síbi àpáàdì, ó rò fún un bó ti rí. Ó kan ìkòkò kẹfà níwájú rẹ̀, Àdùbí sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ: ohùn gbọọrọ kan, tín-ín-rín, tó ń lọ tí kò fẹ́ tán. Ojú ọmọbìnrin náà yí padà. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ àtijọ́ a máa súfèé nínú etí, àwọn èèyàn sì ráhùn títí, ni àwọn tó ṣe tuntun bá kọ́ ọ pé ohùn èyíkéyìí tó bá gùn tó sì tín-ín-rín, kí ó gbé e mì. Ohùn ìkòkò ló kà sí súfèé. Àyọ̀ká béèrè bóyá wọ́n lè sọ fún un kí ó yé gbé e mì. Àdùbí ní òkè òkun ni wọ́n ti tì í pa, kò sí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní gbogbo àgbègbè.

"Ìyá, Ràbí gbọ́ ọ dáadáa," ló wí. "Ṣé kò lè máa bá yín kàn án?"

Ràbí fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òun ní ìkòkò méjì tó sán dára, ẹ̀rọ àtijọ́ etí Ìyá ló gba ìlú lọ́wọ́ ikú. Amọ̀ òjò kò rí bí amọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ohùn rẹ̀ ki, sísán á sì sá pamọ́ sábẹ́ ohùn náà. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Etí ọ̀gá àti etí ọmọṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ jọ jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé òpin. Òjò kan ló kù fún Ràbí.

Àyọ̀ká sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Oṣù mẹ́ta ni. Bátìrì mẹ́sàn-án ló kù fún mi, ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. O mọ̀ ọ́n ṣírò jù mí lọ."

"Bí ẹ bá kọ tuntun, Ìyá, yóò di ti ẹlòmíràn lónìí. Ọdún mẹ́rin ni ìlà àwọn tó ń dúró dè é gùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò ní gbọ́ Bàbá."

Ìyàndá ti dé nígbà náà, ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ wá bí ó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, ó sì ti gbọ́ tó láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àyọ̀ká yíjú sí i.

"Bàbá Ṣẹ̀fíù, kí lẹ wí sí i?"

Bàbá náà gbé abọ́ sórí ògiri, ó fara balẹ̀ nu ọwọ́. "Ìyá Ṣẹ̀fíù, ọdún mọ́kànlá ni mo fi sọ̀rọ̀ tí o kò gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ìránù ni, o kò pàdánù nǹkan kan."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín wọn tán.

"Ṣùgbọ́n mo gbádùn ọjọ́ mẹ́ta yìí."

Kò fi kún un. Ì bá sì sàn fún Àyọ̀ká bó bá fi kún un, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá gùn ni èèyàn ń rí ibi dì mú láti fi jiyàn. Ó dúró láàárín ìkòkò àti ọkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ìmí àyà tó ń hán díẹ̀díẹ̀, tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń hán. Ó dúró díẹ̀, ó gbọ́ ìyẹn dáadáa. Lẹ́yìn náà ó sún wá síwájú àpótí.

"Máa bi mí."

Àpótí ń bi í, ó ń dáhùn. Ṣé ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ bátìrì? Kò lè ṣe é, ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é. Àpótí ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan lòun ń gbà. Bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà náà. Ṣé oòrùn wà nílé rẹ̀ láti fi ṣáájì? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó máa ń gbàgbé nǹkan? Ìyá Gàníyátù ní kí wọ́n béèrè àwo òun lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó lè yọ ẹ̀rọ létí fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́? Lọ́jọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Bí iná bá wà nínú ààrò, tó ń jó fún ọjọ́ méjì gbáko, tí ìkòkò ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́. Àpótí kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ìkeje.

Kí àpótí tó lanu, Àyọ̀ká gbé ìkòkò kẹfà wá síwájú rẹ̀, ó kàn án kíkankíkan.

"Èmi náà ní ìbéèrè kan. Ìkòkò yìí sán àbí kò sán?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, n kò gbọ́ ohùn kankan."

"Ìwọ tí o kò gbọ́ ìkòkò, ìwọ lo fẹ́ sọ ohun tó yẹ etí mi fún mi."

Ẹ̀rín bú nínú ẹbu. Àpótí kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ìbéèrè keje. Ṣé ó yẹ yín?"

"Kò yẹ mí."

"Ìdáhùn yìí kò wọ́pọ̀. Ẹ tún un sọ."

"Kò yẹ mí. Ó yẹ ìyàwó bàbá yìí, ó yẹ ẹ gan-an. Ẹni tó ń gbọ́ ìkòkò fún ìlú Òkè-Amọ̀ ni kò yẹ. Ẹni yẹn lo sì bá lẹ́nu iṣẹ́ lónìí."

Iná ojú àpótí ń ṣẹ́jú, bí ẹni tí ń wá ibi tí yóò gbé ẹrù sí. Ó ní òun ti gbà á sílẹ̀. Ó ní kí ìyá dá ẹ̀rọ tuntun padà, kí ó sì kó bátìrì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jáde.

Àyọ̀ká kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìgò kan ló kọ́kọ́ gbé láti igun ẹbu fún nọ́ọ̀sì, ó kún dẹ́nu fún òkú bátìrì, gbogbo èyí tó ti lò láti ọdún mọ́kànlá. Ó ní kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ń ṣọ́ odò, kí ó kà á, kò sí ọ̀kan tó bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó to àwọn mẹ́sàn-án sórí pákó tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò, ìlẹ̀mọ́ ṣì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Àwọn yìí kò tíì kú," ó ní. "N kò ní fún yín ní èyí tí kò tíì kú."

"Ìyá, wọ́n á gé oòrùn ilé yín fún ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n." Omi ti lé sójú Àdùbí. "Ojú Bàbá kò dára tó fún òkùnkùn."

Ìyá Gàníyátù súnmọ́ tòsí. Ó bi àpótí pé báwo ni wọ́n ṣe rí ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àpótí ní bátìrì kan, oòrùn ọjọ́ mẹ́ta, lọ́rùn ẹni tó bá mú un lọ́wọ́.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré?" Ó na ọwọ́, ó mú bátìrì kan lórí pákó. "Ilé mi ṣókùnkùn ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọkọ mi wà láyé. Kọ orúkọ mi. Múníráátù, ìyá Gàníyátù, agbo ilé Ẹlẹ́bu."

Ràbí mú tirẹ̀, ó dárúkọ. Ẹni tí ń wo èékánná láàárọ̀ mú tirẹ̀. Wọ́n ń tò wá, ọwọ́ wọn pupa fún amọ̀, wọ́n ń dárúkọ bí ẹni tí ń dárúkọ níbi ìkómọ, tayọ̀tayọ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé wọn lẹ́yìn rẹ̀. Àdùbí lè ti ìdérí àpótí pa. Kò tì í. Ó ń yí àyà rẹ̀ sí ẹni tí ó bá kàn, kí àpótí lè gbọ́ wọn yékéyéké.

Nígbà tó ku ẹyọ kan, Àyọ̀ká yọ ẹ̀rọ tuntun kúrò létí. Ayé rì sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kó o lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó na ọwọ́ láti mú bátìrì tó kù, nítorí tirẹ̀ ni, òun náà ní orúkọ. Ìka rẹ̀ kò rí i dì mú. Ó yọ̀, ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ mìíràn sì mú un lórí pákó.

Ìyàndá dúró níwájú àpótí, ó nà ró bí ọmọ ilé ìwé. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Àyọ̀ká ń wò ó. Orúkọ rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dúró níbi tí orúkọ ti yẹ kí ó tán, ó ń bá a lọ. Ìyá Gàníyátù fi ọwọ́ amọ̀ bo ẹnu. Ràbí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nọ́ọ̀sì Àdùbí wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohun tí bàbá náà sọ wọ inú àpótí lọ, ó lọ bá àwọn tó ń gé oòrùn, Àyọ̀ká nìkan ni kò gbọ́ ọ nínú ẹbu ara rẹ̀.

Ìyàndá padà wá. Ó bó ìlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn bátìrì, ó dúró fún ìṣẹ́jú kan kí bátìrì náà gba afẹ́fẹ́, ó fi í sínú ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà lápò rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn kékeré rẹ̀ pa, ó fi ẹ̀rọ náà sí ìyàwó rẹ̀ létí, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé bó ti máa ń ṣe. Ẹ̀rọ náà súfèé. Lẹ́yìn súfèé ni ààrò, iná tí ń jẹ igi, gbogbo rẹ̀ há bí ohùn inú agolo.

"Kí lẹ sọ fún un?"

Ó pariwo sí i létí, bí ti ọdún mọ́kànlá: "Orúkọ ni mo dá!"

Àyọ̀ká wo ojú rẹ̀ títí, ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì jẹ́ kí irọ́ náà jókòó. Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ mọ́ra, ó sún un kí ẹnì kejì lè ráyè.

"Ràbí, wá síbí. Apá ọ̀tún mi. Bí mo bá ṣì í, o kò gbọdọ̀ dákẹ́ mọ́." Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Ó yá, gbé ìkòkò wá."